Ọmọ Ọlọ Inú Omi

Láti ọjọ́ tí Màámi ti dé ilé wa ní Sùúrùlérè ni àpò wọn ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Àpò Gánà-mọ́sì-gò ni, alálà pupa àti búlúù, wọ́n sì fi okùn so ẹnu ẹ̀ pinpin bíi ti ẹni tó máa wọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo kó aṣọ mi kúrò ní apá kan kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn. Mo ra háńgà tuntun. Wọn ò fi nǹkan kan kọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ wọṣọ, wọ́n á tú okùn, wọ́n á fa ìró kan yọ, wọ́n á tún so ó padà. Bí mo bá fọ ìró náà tó gbẹ, wọ́n á ká a dáadáa, inú àpò ló ń lọ tààrà.

"Màámi, kọ́bọ́ọ̀dù ń bẹ fún yín o."

"Mo rí i. Ó dáa gan-an. Kó máa wà níbẹ̀."

Ẹ ẹ̀ gbọ́ èsì! Mo tún àwọn háńgà náà tò.

Orí àtẹ̀gùn ilé wọn ní Mushin ni wọ́n ti ṣubú. Bàbá wa ló kọ́ ilé náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá wọn sì wà lókè. Bàbá ti kú, àwa ọmọ ti túká, Màámi nìkan ló kù tó ń gun àtẹ̀gùn yẹn sókè sódò. Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú, ilẹ̀ ni wọ́n wà títí aládùúgbò kan fi wá tọrọ iyọ̀. Dókítà ní orúnkún wọn ò gbọ́dọ̀ rí àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wọn, òkè kẹta ni wọ́n ń gbé ní Yaba. Èmi àti ọkọ mi, ìsàlẹ̀ là ń gbé. Kí ló kù tá a fẹ́ rò? Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń bọ̀.

Àmọ́ Màámi ní ohun tiwọn tí wọ́n ń rò. Lójú tiwọn, ìyá kì í kẹ́rù lọ sílé ọkọ ọmọ ẹ̀ lásán. Ọmọ á kọ́kọ́ bímọ. Ìyá á wá gbé kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú, á lọ wẹ ọmọ tuntun, á na ọwọ́ ẹ̀, á na ẹsẹ̀ ẹ̀, á se ọbẹ̀ ata gbígbóná fún abiyamọ, kò sì ní jẹ́ kó jáde títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Tó bá pé, àna á dọ̀bálẹ̀, á dúpẹ́, ìyá á di ẹrù ẹ̀, ó dilé. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún àwọn àbúrò mi obìnrin nìyẹn, gbogbo wọn. Èmi, Ọlọ́run ò tíì dá mi lóhùn. A ti ṣègbéyàwó tipẹ́, a ti gbàdúrà, a ti lọ sí ọsibítù, n ò ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ọdún yẹn ni Màámi fi ń dúró kí n ránṣẹ́ pè wọ́n wá wẹ ọmọ. Ìgbà tí wọ́n sì máa wá dé ilé mi, ọ̀pá ìtilẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe kànrìnkàn.

Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màámi ò mọ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù. Bíi pé Yaba ò gbọ́ tí wọn ò bá pariwo. "Kí ni mo ní mo wá ṣe nílé àna mi? Kí n kàn jókòó, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún mi? Ṣé ọmọ wà nílẹ̀ tí mò ń pọ̀n ni?" Ọkọ mi náà gbọ́. Ó wò mí, mo wò ó. Ó lọ síta bíi pé ó fẹ́ wo mọ́tò.

Mo fẹ́ kí wọ́n dúró. Ká sòótọ́, n ò fẹ́ nǹkan míì lọ́dún yẹn. Tí wọ́n bá padà sórí àtẹ̀gùn yẹn, a ò mọ̀ bóyá ẹnì kan á tún wá tọrọ iyọ̀ lásìkò.

Níbi tá a ti ń dúró de dókítà orúnkún ni mo ti rí táǹkì ẹja kan. Dígí ni, wọ́n gbé e sára ògiri, omi kún inú ẹ̀, òkúta dúró níbẹ̀ bí àpáta ẹ̀yìn ìlú, koríko tútù yọ̀yọ̀ bo ìdí òkúta, ẹja wẹ́wẹ́ ń gba àárín wọn kọjá. Màámi ti ń ráhùn látìgbà tá a ti jókòó, pé àga yẹn le, pé fáànù ò kọjú sọ́dọ̀ àwọn. Bí wọ́n ṣe rí omi yẹn, ìráhùn tán. Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí ọ̀pá wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè wá, wọ́n juwọ́ sí i. "Jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn wa kọ́kọ́ wọlé."

Ẹ̀rù bà mí. Màámi tí mo mọ̀ kì í yọ̀ǹda ìlà fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá ṣe irú ẹ̀ sínú pálọ̀ wa. Bóyá tí wọ́n bá rí nǹkan míì wò, wọ́n á yéé wo ilẹ̀kùn.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lẹ́bàá ọjà Tejúoṣó. Iye tó pè fún táǹkì nìkan, ẹ̀rín ni mo fi dáhùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, màá padà wá," irú màá padà wá tí àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rí i pé ọwọ́ mi ò tó o ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ wá dígí tó nípọn, kí n fi gọ́ọ̀mù gidi lẹ̀ ẹ́, kí n ṣa òkúta fúnra mi, kí n fọ yanrìn fúnra mi, kí n wá ra koríko àti ẹja nìkan lọ́wọ́ òun. Ibi tá a ti gbọ́ra wa yé nìyẹn.

Ọkọ mi ló rí dígí. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ládùúgbò ń tún inú ẹ̀ ṣe, wọ́n ju àpótí dígí àtijọ́ síta, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. A gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé dígí ní Mushin, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. A gbé e dé ilé, a rọ omi sí i nínú bálùwẹ̀ láti dán an wò. Igun kan jò. A tún un lẹ̀. Igun kejì jò. Màámi tó jókòó ní pálọ̀ tó ń gbọ́ gbogbo ariwo wa ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé agbọ̀n lẹ fẹ́ fi pọnmi ni?" Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ bá wa ṣàdúrà ni." Wọ́n ní àdúrà àwọn ò sí fún gọ́ọ̀mù.

Nígbà tí kò jò mọ́, ó kan yanrìn. Aládùúgbò wa kan ń kọ́lé, ó ní kí n bù nínú tòun. Mo fọ yanrìn náà bí ẹni ń fọ ìrẹsì ọ̀fadà, mò ń da omi ẹ̀ nù, mò ń fọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ń ro mí, omi ṣì ń dúdú. Mo fi ilẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ kí koríko rí nǹkan jẹ, mo da yanrìn lé e. Ó wá ku òkúta. Mo ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa gíráńáìtì sínú báàgì iṣẹ́ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò mí bíi pé orí mi ò pé.

Màámi ní, "Ẹ wá wo ọmọ tí mo bí. Mo rán an ní ilé ìwé títí ó fi gboyè, òkúta ló ń ṣà kiri."

Mo kó òkúta náà sínú ìkòkò, mo gbé e kaná kí ìdọ̀tí ara ẹ̀ lè kú. Màámi gbóòórùn gáàsì, wọ́n fọ̀pá tilẹ̀ wá sí kíṣìnnì. "Kí lò ń sè?"

"Òkúta ni, Màámi."

Wọ́n ṣí ìkòkò wò. Wọ́n dé e padà. "Ó dáa. Tó bá jinná, kó o pè mí."

N ò tíì rí i kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé òkúta sórí iná.

Àmọ́ nígbà tí mo to òkúta náà sínú táǹkì, kò dà bí àpáta kankan. Ó dà bí àwókù ilé. Gbogbo wọn kéré, gbogbo wọn rí bákan náà, mo tò wọ́n síbí, mo tò wọ́n sọ́hùn-ún. Màámi ń wò mí láti orí àga wọn. Mo ń gbọ́ èémí wọn, irú èémí tí wọ́n máa ń fà nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo bá ń gbá ilẹ̀ tí mi ò gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Wọn ò lólórí," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ogunlọ́gọ̀ ni. Èwo ni olórí wọn?"

"Olórí ò sí, Màámi. Èyí tí mo rí ni mo ṣà."

Wọ́n dìde. Wọ́n lọ sídìí àpò wọn, wọ́n tú okùn, wọ́n kó ìró sílẹ̀, wọ́n kó bùbá sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa nǹkan kan yọ tí wọ́n fi gèlè àtijọ́ wé. Ọmọ ọlọ ni. Òkúta dúdú gbọọrọ, àárín ẹ̀ ti jẹ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, ó ń dán bí awọ ara. Ìyá wọn ló gbé ọlọ náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó tẹ̀lé ọkọ ẹ̀ wá sí Mushin. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ata tí wọ́n fi bọ́ Màámi dàgbà, orí ẹ̀ ni wọ́n ti lọ tiwa náà kí ẹ̀rọ ìlọta tó gba gbogbo àdúgbò.

Ìyá ọlọ, èyí tó fẹ̀, ṣì wà lẹ́yìnkùlé ní Mushin. Mo wo ọmọ ọlọ tó wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ẹni tó gbé ọmọ dání tó fi ìyá sílẹ̀ sílé, ilé yẹn ló ń padà sí.

"Mo fi yá ọ ni o," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tí mo bá ń lọ, wàá yọ ọ́ fún mi."

Mo gbà á. Mo fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí gbogbo ata ayé fi jáde lára ẹ̀. Mo gbé e dúró sáàárín, mo dẹ orí ẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wá to àwọn òkúta yòókù yí i ká. Háà! Lójú kan náà, ogunlọ́gọ̀ di ìlú.

Ọkùnrin Tejúoṣó ta koríko fún mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni irú koríko wẹ́wẹ́ tó máa ń hù lára ògiri kànga; ó ní mọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, pé kí n fi òwú dè é mọ́ òkúta, tó bá yá á fi gbòǹgbò wẹ́wẹ́ di òkúta mú fúnra ẹ̀. Mo ra òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun. Mo ń dè é, ó ń tú. Mo tún un dè, ó tún tú, koríko ń bọ́ sílẹ̀ pátapàta.

"Gbé e wá," ni Màámi wí. Wọ́n gbé ọmọ ọlọ sórí itan wọn, wọ́n fi eyín di etí òwú mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e bí wọ́n ṣe máa ń kó irun fún mi ní ọjọ́ Sátidé, tí màá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn tí màá máa sunkún pé ó dùn mí. Òwú ò tú, koríko ò jábọ́. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo gbé orí lé orúnkún wọn tó dára, èyí tí kò wú. Wọn ò lé mi dìde.

Ọkùnrin Tejúoṣó ní ká jẹ́ kí omi náà gbó ná, kó pẹ́ díẹ̀ nínú táǹkì kí ẹja tó wọ̀ ọ́, a sì jẹ́ kó gbó. Ọkọ mi so gílóòbù sókè ẹ̀, ó wá ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi, oníbátìrì, kó lè máa ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ. Nígbà tí mo wá gbé ẹja dé nínú ọ̀rá, Màámi fojú sún mọ́ ọn. Ẹja kéékèèké, àwọn kan nírù aláràbarà, àwọn kan rí bí eérú lásán.

"Kí lorúkọ wọn?"

"Wọ́n ń pè é ní gọ́pì."

"Gọ́pì kọ́, gọ́gọ̀ ni. Ẹja gọ́tà nìyí! Ẹja tí ẹ̀yin ọmọ yìí máa ń fi agolo gbọ́n ní gọ́tà Mushin, tí mo máa ń nà yín nítorí ẹ̀!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mo nà ọ́ nítorí ọ̀fẹ́, o wá dàgbà, o wá fi owó rà á!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nílé mi nìyẹn, mo sì ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún pọ̀.

Láti ìgbà yẹn, Màámi yí àga wọn padà. Wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, wọ́n kọjú sómi.

Àmọ́ àpò ò kúrò níbi tó wà o.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ó kọ́kọ́ dà bí omi tá a fi ṣan ìrẹsì, lẹ́yìn náà ó di omi ògì. N ò mọ ohun tó fà á, àfìgbà tí mo rí èérún búrẹ́dì lórí yanrìn. Màámi ń bọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń jẹun àárọ̀, wọ́n á gé díẹ̀ fún ẹja. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, ẹja á jẹ. Mo ní, "Màámi, oúnjẹ wọn ò ju fínńfín lọ." Wọ́n ní àwọn ò lè máa jẹun kí ẹ̀dá Ọlọ́run máa la ẹnu wo àwọn. Ọkùnrin Tejúoṣó ní ká ṣe sùúrù, ká dín oúnjẹ kù, omi náà á fúnra ẹ̀ là. Mo sọ fún Màámi. Wọ́n mi orí. Mo lérò pé ó ti yé wọn.

Ìyá tó tọ́mọ dàgbà ní Mushin ò lè máa wo omi tó rú kó dákẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Omi kànga tá a fi dàgbà, bí ògì ló máa ń rí tí òjò bá rọ̀, Màámi á sì mú álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n á fi ro omi inú dúróòmù yí po. Kí a tó ti ilé ìwé dé, ìdọ̀tí á ti jókòó sísàlẹ̀, òkè á mọ́ gaara. Omi tá a mu nìyẹn.

Lẹ́yìn àdúrà àsùbá ni wọ́n ṣe é. Mo jí, mo bọ́ sí pálọ̀, mo rí omi tó mọ́ débi pé mo lérò pé táǹkì ti ṣófo. Màámi jókòó síbẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn ń tàn.

"Wá wò ó! Wá wo omi! Sùúrù wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe?"

Mo rí álọ́ọ̀mù lórí tábìlì. Mo wo òkè omi. Gbogbo ẹja ti kó síbẹ̀, wọ́n ń la ẹnu, àwọn méjì ti yí ikùn sókè. Mo pariwo pe ọkọ mi. Màámi wò mí, wọ́n wo ẹja, ìmọ́lẹ̀ ojú wọn sì kú.

"Ṣùgbọ́n àwa mu ún," ni wọ́n wí. "Gbogbo yín mu ún. Kò pa yín."

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Màámi, òótọ́ ni. Ẹja ni ò lágídí bíi tiwa." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi àti ọkọ mi ń fi abọ́ gbọ́n omi síta, a ń rọ omi míì sí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan kú, àwọn kan yè. Èyí eléérú kan tí ikùn ẹ̀ tóbi sá sídìí ọmọ ọlọ, kò jáde.

Ní ọ̀sán yẹn, ariwo fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi tún sọ. "Ọjọ́ Àìkú, wá gbé mi. Wọ́n ní kí n jókòó, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jókòó. Mo ti ń ba nǹkan jẹ́ nílé onílé." Mo bẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Màmá, tó bá jẹ́ tìtorí ẹja gọ́tà ni, màá lọ gbọ́n òmíràn wá." Wọ́n ní àwọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni, kó dìde, Ọlọ́run á bù kún un. Wọ́n ti pinnu. Láti ọjọ́ náà, wọ́n tún yí àga wọn padà sí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Yaba, wọ́n jókòó sétí àga, wọ́n ń gbọn kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Inú wọn ò dùn sí i, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá Màámi jiyàn? "Màámi, ṣé ẹ ti rẹ́dì?"

"Ó ku nǹkan kan." Wọ́n kọjú sí mi. "Ọmọ ọlọ mi."

"Màámi, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Nǹkan ìyá mi ni."

Mo ká apá aṣọ mi sókè. Omijé ń dà lójú mi, n ò sì nù ún, kí gbogbo wọn rí i. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo di ọmọ ọlọ mú, mo gbé e. Mọ́ọ̀sì ti bò ó, ó ti di ara ẹ̀ mú. Òwú tí Màámi fi wé e ò tiẹ̀ hàn mọ́. Bí mo ṣe gbé e sókè díẹ̀, nǹkan kan tú jáde nínú koríko náà. Nǹkan wẹ́wẹ́, kò tó èérún ìrẹsì, ojú dúdú méjì péré tó ń sáré nínú omi. Òmíràn. Òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí nìyẹn? Ṣé ekòló ni?"

Ẹja aláràbarà kan já wá láti igun, ó lanu, ó lé ọ̀kan nínú wọn. Màámi ti dìde. Mo fi Ọlọ́run búra, wọn ò mú ọ̀pá.

"Dá a padà! Dá òkúta yẹn padà síbi tó wà! Ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n ti bímọ ni?"

Mo gbé e kalẹ̀ kíá. Àwọn ọmọ náà sá wọnú mọ́ọ̀sì, wọ́n pòórà. Eléérú yẹn jáde láti ẹ̀yìn, ikùn ẹ̀ ti fà wọlé. Màámi fi imú kan dígí. "Ìwọ ni? Oò! Ẹ kú ewu o. Álùhámúdù lílàhì." Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i tí òun náà yí, tó lanu sí ọmọ kan tó gbàgbé ara ẹ̀ síta. "Súbúhánálàhì! Ọmọ ẹ ni ò ń lé yẹn? Irú ìyá wo nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí, pé wọ́n máa ń jẹ ọmọ wọn tí kò bá síbi tí ọmọ máa sá sí.

"Tí mo bá wá gbé òkúta yìí lọ ńkọ́?"

"Wọ́n á jẹ wọ́n tán, Màámi."

Wọ́n wo omi, wọ́n wo àpò. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn kọ́kọ́rọ́. Màámi fa àga wọn, wọ́n yí i, wọ́n jókòó.

"Máa lọ sílé ẹ," ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Abiyamọ wà nílé yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Màámi. Ẹja ni."

"Mo mọ̀ pé ẹja ni. Orúnkún ló ń dùn mí, ojú mi ò fọ́. Tí ogójì ọjọ́ bá pé, màá pè ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, tí mo bá wò wọ́n, màá bú sẹ́rìn-ín, tàbí màá ké. Ọkọ mi ti sá wọ kíṣìnnì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹja gọ́tà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kí ogójì ọjọ́ ti èyí tó pé, òmíràn ti bí. Kí tìyẹn tó pé, eléérú yẹn tún ti lóyún. Màámi ń ṣọ́ wọn, wọ́n ń fi ìka gbá dígí tí ìyá oníjẹkújẹ bá lanu, wọ́n ń fi ìka méjì bu oúnjẹ fínńfín, kò sí búrẹ́dì mọ́. Tí ará Mushin bá pè, mo máa ń gbọ́ wọn: "Mi ò tíì lè wá o. Abiyamọ pọ̀ nílẹ̀. Rárá, ẹja ni. Mo ní ẹja!"

Láìpẹ́ yìí, mo ń gbálẹ̀, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣófo. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìró wọn wà lórí háńgà, àpò náà ti di pẹlẹbẹ, wọ́n ká a sábẹ́. Lórí pẹpẹ, kànrìnkàn tuntun kan wà, funfun báláú, a ò tíì lò ó rí, wọ́n fi ọ̀rá wé e pọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú.

Mo gbé e jáde. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Màámi, ṣé ẹ ti wá fẹ́ máa fi kànrìnkàn wẹ ẹja ni?"

Wọn ò yíjú kúrò lára omi.

"Ìyẹn kì í ṣe ti ẹja," ni wọ́n wí. "Dá a padà síbi tó o ti mú un. Mo ti dé, mò ń dúró."

Mo dá a padà. Mo rọra ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.